Ìwọ̀n Ọwọ́ Ẹni Nìwọ̀n Oko Ẹni

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti oògùn kòkòrò tàbí ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn ni, àti bí àgbẹ̀ ṣe lè dáwọ́ lé ohun tí apá rẹ̀ ká. Ẹlòmíràn lè ní, "Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí nìyẹn, kí ló kan oko níbẹ̀?" Ó kan oko púpọ̀. Ọ̀pọ̀ oko tí igbó gbà lọ́wọ́ olóko, kì í ṣe òjò ló fà á, kì í sì í ṣe pé ilẹ̀ ti ṣá. Ohun tí olóko dáwọ́ lé ló ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀. Bí ẹ bá gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, éékà ilẹ̀ kan yóò gba nǹkan bí 4,000 ìdí. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko máa ń ṣe ẹ̀gẹ́ léṣe jù. Bí koríko bá bò ó mọ́lẹ̀ ní àsìkò yẹn, ajílẹ̀ kò lè dá ohun tó ti sọnù padà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí á ro ó lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àti nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Wàyí o, ẹ ka iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ká ní ìdí ẹ̀gẹ́ 300 ni ẹ lè ro kí oòrùn tó mú. Éékà kan yóò gbà yín ní ọjọ́ 14. Éékà mẹ́ta yóò gbà yín ní ọjọ́ 42, ìyẹn ọ̀sẹ̀ méje, bí ẹ bá ń sinmi lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni ẹ ó tó parí. Bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló yẹ kí ẹ ti padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀! Kí ẹ tó dé ìdí tó kẹ́yìn, koríko ti bo ti àkọ́kọ́. A kò tíì sọ̀rọ̀ ibà, a kò tíì sọ̀rọ̀ òkú àna tàbí ìsọmọlórúkọ tó lè gba ọjọ́ méjì-mẹ́ta lọ́wọ́ ènìyàn.

Kí ni àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe? Yóò lọ yáwó láti fi gba lébìrà. Bí owó bá tán lágbede méjì, yóò fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí éékà kan tí a ro dáadáa bá fún wa ní kílò méjì ní ìdí kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù mẹ́jọ nìyẹn. Bí éékà mẹ́ta tí koríko gbà bá fún wa ní ìlàjì kílò ní ìdí kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù mẹ́fà péré ni. Ẹni tó ní éékà mẹ́ta kórè kéré sí ẹni tó ní ẹyọ kan, gbèsè sì tún wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, ọmọ ta ni wọn yóò dá padà nítorí owó? A kì í ru ẹran erin lórí kí á máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sì í gbé ẹrù erin ka orí ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò gbà á.

Kì í ṣe àgbẹ̀ abúlé nìkan ni èyí máa ń ṣe. Ní 2002, lásìkò ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta tiwa níbí, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ńlá kalẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́. Wọ́n fojú sùn ún pé ẹ̀gẹ́ tí a bá ń tà sókè òkun yóò máa mú bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là wọlé lọ́dún tó bá fi di 2007. Èrò náà dára, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì fi ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á àti ẹ̀rọ tí yóò lọ̀ ọ́ kò tó. Iye owó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn jẹrà sílẹ̀. Ọwọ́ kò tó bílíọ̀nù márùn-ún náà. Bí ìjọba tó ní owó àti òṣìṣẹ́ bá lè fojú sun ohun tí ọwọ́ kò tó, kí ni kí àwa tí a ní àdá kan àti ọkọ́ kan wí?

Ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́ o. Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. A kò sọ pé kí ẹni tó wà nílẹ̀ má dìde. Ẹ rántí Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà. Àgbẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ń fìyà jẹ àwọn baba wa ní igbó Ẹ̀gbá, Lísàbí kò kọ́kọ́ pariwo ogun. Ìtàn sọ fún wa pé Ẹgbẹ́ Aáró ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀: kí a jọ ro oko lágbájá lónìí, kí a jọ ro ti làkáṣègbè lọ́la. Ohun tí apá ká ni. Láti orí ọkọ́ ni wọ́n ti mọ ara wọn, ni wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tí àkókò tó, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn Ẹ̀gbá. Ohun ńlá ló wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kékeré ló kọ́kọ́ gbé.

Nítorí náà, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé yín, kí ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin yìí.

Èkíní, ẹ ka ọwọ́ tó wà nílẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tí ẹ ń retí. Ọmọ tó wà ní Èkó kì í ṣe ọwọ́ oko. Iye ìdí tí ẹ lè ro lẹ́ẹ̀mẹta ni kí ẹ gbìn.

Èkejì, ẹ dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí oko ọdún yìí gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn oúnjẹ ilé. Ó lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ kan, ó lè jẹ́ páànù ìyàrá méjì. "Mo fẹ́ lówó" kò ní òpin. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní í mọ ọjọ́ tí òun dé ibi tí òun ń lọ. Ẹni tó bá ní páànù ìyàrá méjì yóò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó bá kan ìṣó tó kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ẹni tí yóò ra irè yín kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ̀yin ìyá tí ń ṣe làfún àti gàrí, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o: nínú tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ mẹ́rin, gàrí rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, ó sì lè dín. Ẹ fi èyí ṣírò kí ẹ tó san owó lé oko olóko lórí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wá àáró ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àáró kò sọ ọjọ́ iṣẹ́ yín di púpọ̀, nítorí ẹ ó san án padà. Ohun tó ń ṣe ni pé oko yín yóò mọ́ lásìkò, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò sì ní í pàdánù ohun gbogbo.

Bí ẹ bá rí èyí ṣe lọ́dún yìí, ẹ fi ìdajì éékà kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ lè béèrè igi ẹ̀gẹ́ tó dára lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP tó wà ní agbègbè yín, tàbí ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Aládùúgbò yín lè ra ọ̀kadà lọ́dún tí ẹ̀yin kan páànù. Ẹ bá a yọ̀. Ẹ kò mọ gbèsè tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà náà, ẹ kò sì mọ ọdún mélòó ló ti fi ń kó owó rẹ̀ jọ. Oko tirẹ̀ kọ́ ni òṣùwọ̀n oko yín. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí eku bá sì dàgbà, a tún ìtẹ́ ṣe.

Ọdún á yabo o. Ó dìgbà kan ná.