Ọ̀NÀ KAN, ÒFIN MÉJÌ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún àwọn ọmọ ìlú, ní Ìfọ̀

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ó ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti rò pé ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni a óò sọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a mú wá. A tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àgbà, nítorí a kì í ṣe mẹkáníìkì, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń kọ́ ní ìwé, ọkọ̀ ni ó ń wọ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ọkọ̀ kò bá gbé e dé, ta ni a óò kọ́?

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ojú wa rí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a háyà bọ́ọ̀sì kan láti kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjìlá lọ sí ìdíje ìṣirò ní Ìkejà. Kí á tó gbéra, a bèèrè pátíkúlà ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì kó o jáde. Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó wà nínú rẹ̀, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ọkàn wa balẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ṣàngó, tí a wọ ilẹ̀ Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ kan dá wa dúró. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n ní ti Ògùn ni, àwọn kò lè fi ọkàn tán an. Àríyànjiyàn gbà wá ju wákàtí kan lọ, owó sì jáde nínú àpò awakọ̀. Nígbà tí a óò fi dé Ìkejà, ìpele kìn-ín-ní ìdíje ti parí.

Èyí kọ́ ni ó dùn wá jù. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a ti ń padà wọ Ìfọ̀, awakọ̀ tẹ bíréèkì, bíréèkì kò mú. Ó darí ọkọ̀ sínú òkìtì yanrìn kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọlọ́run yọ wá, ṣùgbọ́n apá ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kán. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, ó pè wá kí á wá wò ó: páàdì bíréèkì ti jẹ tán, irin ni ó ń fi họ irin, páìpù epo bíréèkì sì ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́. A bi awakọ̀ léèrè bí ó ṣe rí ìwé tuntun gbà. Ó dáhùn láìfi bò pé ọkọ̀ náà kò dé ibi àyẹ̀wò rárá. Òun fi owó rán ẹnìkan, ẹni náà sì mú ìwé wá fún òun.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹni tí ó fúnni ní ìwé kò rí ọkọ̀. Ẹni tí ó rí ọkọ̀, ìwé ni ó ń wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà, kò sí ẹni tí ó ní kí awakọ̀ tẹ bíréèkì kí òun rí i. Láàrin àwọn méjèèjì ni apá ọmọ wa ti kán.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín mọ̀ pé kò rí báyìí nígbà kan. Òpópó Èkó sí Abẹ́òkúta tí ó la ìlú wa kọjá kò ní ẹnubodè ìpínlẹ̀ láàrin Ìkejà àti Ìfọ̀ nígbà náà. Ìkejà, Badagry àti Ẹ̀pẹ́ wà pẹ̀lú wa lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí a sì kó àwọn ìlú wọ̀nyí mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, 1976, ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà kan ti di ti ìpínlẹ̀ méjì.

Ìjọba kẹta sì tún wà níbẹ̀. Òpópó ìjọba àpapọ̀ ni òpópó yìí, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì fi ìrìnnà ọkọ̀ lórí irú òpópó bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ṣe wà lójú ọ̀nà wa, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1988, tí ọmọ Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Èkó ní LASTMA tí a dá sílẹ̀ ní 2000, ó sì ní àwọn olùyẹ̀wò ọkọ̀ tirẹ̀. Ògùn ní TRACE, ó sì ní àwọn VIO tirẹ̀. Awakọ̀ tí ó bá gbéra ní Pápálàńtò tí ó ń lọ sí Agége lè pàdé oríṣi òṣìṣẹ́ márùn-ún lọ́nà, láìka ọlọ́pàá.

Kí ni wọ́n fẹ́ kí á yẹ̀ wò? Lórí èyí, ìpínlẹ̀ méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn: bíréèkì, táyà, iná, ìdarí ọkọ̀, gíláàsì, èéfín. Ọ̀nà tí a gbà ń yẹ̀ wọ́n wò àti ẹni tí ó gba ẹ̀rí ẹni gbọ́ ni ìjà wà. Èkó ti dá ibùdó sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti ń ṣe àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n ń pè ní LACVIS. Ọ̀kan wà ní Òjódù, tí kò jìnnà sí Akútẹ̀ àti Àjùwọ̀n tí ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ọkọ̀ yóò gun orí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì sọ bí bíréèkì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe mú sí. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Nàìjíríà, ojú àti ìrírí òṣìṣẹ́ ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Ojú tí ó mọṣẹ́ kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ojú má rí ọkọ̀ rárá.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀tá awakọ̀ ni wá. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Bí ó bá gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, owó ọjọ́ kan lọ, olówó ọkọ̀ sì ń retí owó tirẹ̀ ní alẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìwé tí òun fi òógùn ojú gbà kò ní jámọ́ nǹkan ní òdìkejì ẹnubodè, kí ni yóò mú un fi ọjọ́ kan ṣòfò? Bí ìwé òótọ́ àti ìwé tí a rà bá ń jẹ ìyà kan náà ní Ṣàngó, ìwé tí a rà ni awakọ̀ yóò yàn, nítorí òun ni kò gba àkókò. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ wa: àìfohùnṣọ̀kan ìpínlẹ̀ méjèèjì ni ó ń bí ìwé èké. Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ wọ́n níyà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun lè jẹ́rìí sí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT bẹ̀rẹ̀ ní 1960 fún ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá. Ní 1967, wọ́n fà á wálẹ̀ sí ọdún mẹ́ta. Láti London títí dé Scotland, òfin kan náà ni. Ní Amẹ́ríkà, ó yàtọ̀. New York ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọọdún. New Jersey dá àyẹ̀wò bíréèkì àti iná dúró fún ọkọ̀ ilé ní 2010, ó sì fi ti èéfín sílẹ̀. Ní Maryland, ìgbà tí ọkọ̀ àlòkù bá ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń yẹ ara rẹ̀ wò. Texas fi òpin sí àyẹ̀wò ọkọ̀ ilé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní, 2025, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní agbègbè Houston àti Dallas. Ẹ rí i pé wọ́n ń jiyàn níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Maryland, tí ó bá ń kọjá lọ ní New Jersey, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró pé àyẹ̀wò Maryland kò kà. Ìyàtọ̀ òfin kò sọ ẹ̀rí ọmọnìkejì wọn di asán.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò lè ṣeé ṣe níhìn-ín, ẹ rán an létí ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 1972. Títí di ọjọ́ náà, apá òsì ni a ń rìn lójú pópó ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Àwọn aládùúgbò wa, Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí àti àwọn yòókù, apá ọ̀tún ni wọ́n ń rìn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo orílẹ̀-èdè yí padà sí apá ọ̀tún. Bí orílẹ̀-èdè odindi bá lè yí padà nítorí aládùúgbò, ṣé Èkó àti Ògùn, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, kò lè gba ìwé ara wọn?

Àwọn kan yóò ní ilé ẹjọ́ ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja dájọ́ pé kò sí òfin tí ó fún àwọn VIO ìlú náà ní agbára láti dá ọkọ̀ dúró, láti gbẹ́sẹ̀ lé e, tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ yọ̀. Àwa náà kò fẹ́ kí á máa fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí ó ti jẹ tán kò mọ ìdájọ́. Bí a bá mú òṣìṣẹ́ kúrò lójú ọ̀nà tí a kò sì mú ọkọ̀ lọ síbi àyẹ̀wò, ọ̀fọ̀ ni a fi pàdé ayọ̀.

Èéfín pàápàá kò mọ ẹnubodè. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ àjọ NESREA, ti gbé ìlànà kalẹ̀ lórí èéfín ọkọ̀ epo bẹntiróòlù àti ti dísù. Ṣùgbọ́n ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìfọ̀ ní àárọ̀, kí ẹ wo dúdú tí àwọn tírélà ń tu sílẹ̀ sórí ẹ̀fọ́ àti ẹja tí àwọn ìyá wa ń tà. Ìlànà wà nínú ìwé, èéfín wà nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun mẹ́ta ni a bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí á ṣe.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba méjèèjì. Ní oṣù Karùn-ún, 2021, gómìnà Èkó àti ti Ògùn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti jùmọ̀ tún agbègbè ẹnubodè wọn ṣe. Kí á ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kún un: àyẹ̀wò kan, ìwé kan, tí yóò ní nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ ìhà méjèèjì lè fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wò, kí wọ́n mọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yẹ ọkọ̀ náà wò. Ìwé tí a rà kò ní rí ibi sá sí.

Èkejì, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó ṣẹ́kù kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí á pe mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ kí ó yẹ gbogbo bọ́ọ̀sì tí ń kó ọmọ wa wò ní gbangba, lójú àwọn òbí, kí ẹgbẹ́ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Kí á lẹ orúkọ ọkọ̀ tí ó yege mọ́ ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́. Òbí náà lè ṣe tirẹ̀. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. A ti fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa, wọ́n sì ń kà á fún àwọn awakọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Ìròyìn àjọ àgbáyé tí ń rí sí àyíká, UNEP, ní 2020 sọ pé láàrin 2015 àti 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni a kó láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, Áfíríkà sì ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ní Netherlands, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bọ̀ wá sí Áfíríkà ni ìwé àyẹ̀wò wọn ti kú kí wọ́n tó gun ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin ọmọ wa, ọkọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún yín láti gbé ọmọ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ kí ó wá gbé ọmọ wa. Bí ẹ bá fẹ́ fi táyà tòkúnbọ̀ ta ìlú lọ́rẹ, ẹ kúkú fi owó rẹ̀ ra páàdì tuntun fún bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́.

Apá ọmọbìnrin náà ti jinná, ó ti padà sí kíláàsì. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, ó bi wá ní ìbéèrè kan: “Sà, ṣé ẹni tó kọ ìwé yẹn kò mọ̀ pé bíréèkì ti bàjẹ́ ni?” A kò rí èsì fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí á lọ wá èsì náà kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó pé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á fi ọmọ wa ṣe owó ọ̀nà. Àṣẹ.