ÒDÒDÓ GBÍGBẸ DÍPÒ KÁŃFỌ̀ NÍNÚ ÀPÓTÍ AṢỌ
(Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ bá àwọn ìyá sọ níbi ìpàdé oṣù wa ní Jọ́ọ̀sì)

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la mú wá.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ó lé ní ogún ọdún tí a fi ta káńfọ̀, èyí funfun róbótó, ní ṣọ́ọ̀bù wa. Púpọ̀ nínú yín ló ń rà á lọ́wọ́ wa sínú àpótí aṣọ òkè àti léèsì, kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe nílé tiwa. Nígbà tí a bí ọmọ-ọmọ wa ọkùnrin, aṣọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò, tó ti pẹ́ nínú káńfọ̀, la kó jáde fún un. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹyinjú ọmọ pọ́n bí ìyeyè. A sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ ni pé, “Ṣé káńfọ̀ wà nínú aṣọ ọmọ yìí?” Orí wa wú. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí ọmọ náà fi yè.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa nìyí. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Nínú àwa Yorùbá, ó tó bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún tí a bí tí tirẹ̀ kò pé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tó bá gba awọ ara wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa fọ́, ibà pọ́njú yóò sì dé. Bó bá le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó lè di ọmọ létí, ó sì lè pa á. A kò lè fi ojú lásán mọ ọmọ tó ní in.

Àwọn àgbà ní ọmọ ni aṣọ. Kí wá ni èrè ẹni tó tọ́jú aṣọ, tó pàdánù ọmọ? A ti kó káńfọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò wọ́n. Òdòdó rósì ń ṣe dáadáa ní Jọ́ọ̀sì yìí, ọyẹ́ sì ń gbẹ nǹkan kíá. Ẹ já òdòdó láàárọ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ, kí ẹ já ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí bébà, nínú yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn a máa gba àwọ̀ àti òórùn rẹ̀. Bó bá ti ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó gbẹ nìyẹn. Èyí tí kò bá gbẹ tán yóò bu. Ẹ gbẹ èèpo ọsàn àti ewé tíì bákan náà.

Agolo mílíìkì mẹ́rin òdòdó, ọ̀kan èèpo ọsàn, ọ̀kan ewé tíì, àti síbí méjì kànáfùrù tí a gún díẹ̀. Ẹ pò wọ́n pọ̀ sínú ìgò, kí ẹ dé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ rán àjákù aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní àpò kékeré, kí ẹ dì í sínú rẹ̀, kí ẹ fi sáàárín aṣọ. Bí òórùn rẹ̀ bá ń lọ, ẹ fi kànáfùrù tuntun kún un.

A kò ní tàn yín: òórùn dídùn ni, kì í pa kòkòrò bíi káńfọ̀. Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó kó o pamọ́, kí ẹ sì máa sá a sóòrùn lóòrèkóòrè. Ní ti aṣọ ọmọ tuntun, ẹ má fi ohunkóhun sí i rárá. Àpótí mímọ́ tó fún un. Èyí tó bá sì ti bá káńfọ̀ gbé, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun.

Ẹ bá wa sọ fún àwọn aboyún tí kò wá lónìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.