Káàdì Méjì fún Aláìsàn Kan: Ọ̀rọ̀ lórí Àkọsílẹ̀ àti Ààbò Ẹ̀mí ní Ilé Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ àjọ̀dún ọdún kẹwàá

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa Alukoro sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀rọ̀ owó ni a ó sọ, nítorí pé iṣẹ́ báńkì ni a ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni a gbé wá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á.

Ìdílé ọ̀kan nínú wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀ kí a tó sọ ọ́. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí pé a kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fún màmá ní oògùn kan tó ní sulfa nínú. Ara màmá kọ̀ ọ́: ẹnu bó, gbogbo ara sú. Dókítà ọjọ́ náà fi bíírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sí ara fáìlì rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kí dókítà ṣe ló ṣe.

Nígbà tó di ọdún tó kọjá, ara màmá tún gbóná, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ. Wọ́n wá fáìlì títí, wọn kò rí i. Bóyá òjò ló bà á jẹ́ ni o, bóyá abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n tò ó sí ni o, ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Akọ̀wé yàrá káàdì ní kí wọ́n san owó káàdì tuntun. Wọ́n san án. Wọ́n ṣí fáìlì tuntun fún un, ó mọ́ tónítóní, kò sí bíírò pupa kankan lára rẹ̀. Wọ́n bi màmá bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Màmá mọ̀ pé ó wà, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Oògùn funfun kan báyìí ni." Ẹ sọ fún wa, oògùn mélòó ni kì í ṣe funfun? Dókítà kọ oògùn fún un. Sulfa ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màmá lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Awọ ara rẹ̀ bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí i. Ó wà láàárín àwọn ìyá wa lọ́hùn-ún lónìí. Ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tó dun àwa fúnra wa. Ní àjọ̀dún ọdún karùn-ún, ẹgbẹ́ wa kọ́ géètì fún ilé ìwòsàn yẹn. A kọ orúkọ wa sí i, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a sì ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Géètì yẹn ni wọ́n gbé màmá gbà wọlé. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí kò jìnnà sí i rárá. Òrùlé rẹ̀ ń jò ní ọjọ́ tí a ń ya fọ́tò. A kò wọ ibẹ̀ wò.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì mọ irú àìsàn tó ń ṣe yàrá fáìlì yẹn, nítorí pé ó ti ṣe àwa náà rí. Àwọn ọ̀gá tó gbà wá síṣẹ́ máa ń sọ ìtàn ìgbà lẹ́jà fún wa. Ẹnì kan ṣoṣo á ní àkáǹtì mẹ́rin pẹ̀lú orúkọ mẹ́rin: orúkọ bàbá, orúkọ ọkọ, orúkọ ìsàmì, orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà. Ní ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò BVN kalẹ̀: nọ́ńbà kan tó ní òǹkà 11, tí wọ́n so mọ́ ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú. Láti ìgbà náà, bí o bá ní àkáǹtì ní báńkì márùn-ún, ẹnì kan náà ni ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí yàrá ìdúró ilé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì bá ké "Ìyá Ìbejì!", ìyá mẹ́ta á dìde. Bí ó bá ké "Alhaji!", ìjókòó ìlà kan á ṣófo. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, nítorí náà ọjọ́ orí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A wá ń ṣe ìtọ́jú owó ju bí a ti ń ṣe ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá san ẹgbẹ̀rún kan náírà sí àkáǹtì ẹlòmíràn, a ó dá a padà. Ta ló lè dá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí ara ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ padà?

Kí ni kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i? Kò lè wo àìsàn. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó ń bá wa dáhùn. Àkọ́kọ́, ta ni ẹni yìí? Ìkejì, kí ni kò gbọdọ̀ wọ ara rẹ̀? Ìkẹta, kí ni wọ́n ti fún un, ìgbà wo sì ni? Ìkẹrin, ta ló fún un? Bí ètò náà bá dára, dókítà tó fẹ́ kọ sulfa fún màmá á rí ìkìlọ̀ lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó kọ ọ́ tán, apòògùn náà á sì rí i kí ó tó ka oògùn sínú ọ̀rá. Èsì àyẹ̀wò láti láàbù á lọ tààrà sínú fáìlì, kò ní sọnù lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n rán. Bí ọmọdé bá wọn kìlógíráàmù mẹ́jọ, ẹ̀rọ náà á kọminú bí ẹnì kan bá kọ ìwọ̀n oògùn àgbàlagbà fún un. Ní báńkì, ẹni tó kọ ìwé owó kọ́ ló ń fọwọ́ sí i; ojú méjì ló gbọdọ̀ rí i. Ojú kejì yẹn ni kọ̀ǹpútà jẹ́ fún nọ́ọ̀sì tó rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa dúdú nìkan ni àṣìṣe ń bá jà. Ní ọdún 1999, àjọ Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde. Wọ́n fojú bù ú pé láàárín 44,000 sí 98,000 ènìyàn ló ń kú lọ́dún ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà nítorí àṣìṣe. Ìwé náà kò sọ pé àwọn dókítà burú. Ó sọ pé ènìyàn ni wọ́n, ènìyàn á sì ṣe àṣìṣe, nítorí náà ètò ni kí á tún ṣe.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ìlú Topeka, ní ìpínlẹ̀ Kansas, tó ń jẹ́ Sue Kinnick. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó lọ dá ọkọ̀ tó háyà padà, ó sì rí i tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ na ẹ̀rọ kékeré kan sí ara ọkọ̀, tí ẹ̀rọ náà ka àmì ìlà dúdú tíntìntín ara rẹ̀, irú èyí tó wà lára páálí mílíìkì. Ó rò ó pé, bí wọ́n bá lè ṣe èyí fún ọkọ̀, kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún oògùn? Láti inú èrò yẹn ni ètò kan ti jáde: nọ́ọ̀sì á fi ẹ̀rọ ka ọ̀já ọwọ́ aláìsàn, á fi ka oògùn, bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, ẹ̀rọ á kọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2000, ètò náà ti tàn dé àwọn ilé ìwòsàn ológun tó ti fẹ̀yìntì káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ rò ó. Nọ́ọ̀sì ni.

Bí ẹnì kan bá sì ń sọ lọ́kàn pé nǹkan òyìnbó ni, ẹ jẹ́ kí a rán an létí Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1989, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ètò tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní MINPHIS, tí lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sì ń kéde pé Nàìjíríà ni a ti ṣe é. Kì í ṣe ọgbọ́n ló wọ́n wa. Ìtọ́jú ohun tí a bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ́n wa.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ra kọ̀ǹpútà, kí a tún ya fọ́tò, kí a sì lọ sílé. Ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Pittsburgh gbé ètò tuntun wọlé tí àwọn dókítà á fi máa kọ oògùn. Ìwádìí tí àwọn dókítà ibẹ̀ fúnra wọn tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwòsàn mìíràn, iye tó kú gòkè láti 2.80 nínú ọgọ́rùn-ún sí 6.57. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á ti kọ oògùn rẹ̀ sílẹ̀ dè é; ètò tuntun kò gbà bẹ́ẹ̀ àfi bí ọmọ bá dé. Wọ́n kó oògùn jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó yẹ kó dúró ti ọmọ dúró ti kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn ọmọdé mìíràn ní Seattle lo irú ètò kan náà, wọ́n ṣètò rẹ̀ yàtọ̀, wọn kò sì rí irú àlékún ikú bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí a tó gbé ẹ̀rọ wọlé, kí a jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn apòògùn àti àwọn akọ̀wé yàrá káàdì, kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ.

A mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ti ní kí a fi owó àjọ̀dún yìí kọ́ ráńdábáòtù, kí a gbé àmì ẹgbẹ́ wa sí àárín rẹ̀. Ráńdábáòtù dára. Ṣùgbọ́n a ń bẹ̀bẹ̀, ní orúkọ màmá yẹn, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tún un gbé yẹ̀ wò. Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún òrùlé yàrá fáìlì ṣe. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà láti ibi méjì péré, tábìlì ìforúkọsílẹ̀ àti ibi ìgbòògùn, kí ó tó dé ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fi sólà sí i, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí iná kò sí fún kò sàn ju fáìlì tó sọnù lọ. Ẹ jẹ́ kí a san owó ẹni tí yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, kí a sì rí i pé àkọsílẹ̀ náà ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn. Kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 àti Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tú àṣírí aláìsàn síta. Ọ̀rọ̀ àìsàn ẹni kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ìsọ̀ onírun.

Àwa náà ní ipa tiwa, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe yá aládùúgbò ní káàdì ilé ìwòsàn yín láti fi dín owó kù. Àìsàn tirẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé yín. Orúkọ kan náà ni kí ẹ máa jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. Ẹ bèèrè orúkọ oògùn tí ara yín kọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí káàdì kékeré tí a tẹ̀ fún àjọ̀dún yìí, tó wọ inú pọ́ọ̀sì. Ẹ kọ orúkọ yín, irú ẹ̀jẹ̀ yín, jẹnótáìpù yín, oògùn tí ẹ ń lò, èyí tí ara yín kọ̀, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè sí i. Ẹ mú méjì, kí ẹ kọ èkejì fún ìyá tàbí bàbá yín kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Láti ọdún 2019 ni gbogbo ayé ti ń ṣe àyájọ́ ààbò aláìsàn ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa yóò máa lọ wo yàrá fáìlì yẹn lọ́dọọdún, láìmú ayàfọ́tò dání.

Ọdún mẹ́wàá sí i, bí Ọlọ́run bá dá wa sí, àwa náà á ti lé ní àádọ́ta. Àwa ni wọn yóò máa gbé gba géètì yẹn wọlé nígbà náà. Kí ẹni tó wà nínú lè mọ ẹni tí wọ́n gbé dé.