Ètò Àríyànjiyàn àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀ fún Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú



Gbogbo wa ni a mọ bí ìpàdé ọdún tí ó kọjá ti parí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ilé ìgbẹ̀bí ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe ni, tàbí gbọ̀ngàn ìlú? Ènìyàn mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan kò sì dá ẹnìkejì lóhùn. Ilẹ̀ ṣú, a túká láìfẹnu kò. Owó náà wà nílẹ̀ títí di òní, òjò sì ń rọ̀ sí inú ilé ìgbẹ̀bí. Àwa olùkọ́ kò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn ti kọ́ bí a ti ń jiyàn láìjà.

Báwo ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ? “Àgbẹ̀ sàn ju olùkọ́ lọ”: àbá tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà nìyẹn. Ọmọ á kí àwọn adájọ́, á kí ẹni tí ń wo aago, á sì ka àkọ́sórí tí olùkọ́ kọ fún un. Ohun tí alátakò rẹ̀ sọ kò kàn án. Àwa náà á pàtẹ́wọ́.

Ètò kan wà tí ó sàn ju èyí lọ. Inú àṣà Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú un jáde. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lò nínú ìdíje àgbáyé wọn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1981, tí ó sì dé Botswana ní ọdún 2011. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ń díje, ènìyàn méjì méjì: ẹgbẹ́ méjì ní ìhà ìjọba, méjì ní ìhà alátakò. A kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìhà tí ó fẹ́. Ṣe ni a ń pín in fún un. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń múra, olúkúlùkù sì ní ìṣẹ́jú 7 láti sọ̀rọ̀.

Bí ìjọba bá ti sọ̀rọ̀ ni alátakò ń fèsì, títí dé ẹni kẹjọ. Olórí Ìjọba ni yóò kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ àbá náà àti ìdí rẹ̀. Bí àbá bá jẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí, kò gbọdọ̀ yí i padà kí ó di ti ọjà. Olórí Alátakò yóò dá a lóhùn, yóò sì gbé ìdí tirẹ̀ kalẹ̀. Igbákejì olúkúlùkù yóò tún ibi tí wọ́n ti fọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣe, yóò sì fi ìdí mìíràn kún un. Ẹni kẹta ní ìhà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ohun tí a kò tíì gbọ́ wá, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ tako àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀ ní ìhà náà. Ẹni kẹrin ni ń kádìí ọ̀rọ̀: yóò tọ́ka sí ibi tí iyàn ti gbóná jù, yóò sì sọ ìdí tí ìhà tirẹ̀ fi borí. Ẹni tí ń kádìí fún alátakò kò gbọdọ̀ mú ìdí tuntun wá, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti dá a lóhùn. Ẹ wo òdodo tí ó wà níbẹ̀!

Láti ìparí ìṣẹ́jú kìn-ín-ní títí dé òpin ìkẹfà, ẹni tí ó wà ní ìhà kejì lè dìde láti béèrè ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lè gbà, ó sì lè ní kí ó jókòó. Àwọn adájọ́ kì í wo ohùn tí ó ròkè jù, bí kò ṣe ìdí tí ó dúró. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní gba máàkì 3, ìkejì 2, ìkẹta 1, ìkẹrin òfo.

Ẹ má ṣe rò pé eré ọmọdé ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní Ilé Aṣojú ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní 1956. Ahmadu Bello ní kí á fi “ìgbà tí ó bá ti ṣeé ṣe” rọ́pò ọdún náà. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú Ilé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi dá ọ̀rọ̀ lóhùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn, àga ni wọ́n fi fèsì. Ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká, kí oṣù náà sì tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti gba àkóso lọ́wọ́ wọn.

A ti dán ètò yìí wò nínú kíláàsì wa, ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn àti ilé ìgbẹ̀bí gan-an ni a sì fi ṣe àbá. Ìhà ilé ìgbẹ̀bí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aṣáájú àwọn tí ń fẹ́ gbọ̀ngàn. Nígbà tí ó jókòó, ó ní, “Tísà, n kò mọ̀ pé àwọn náà ní ìdí.”

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Kí á tó dìbò lórí owó yìí, ẹ jẹ́ kí á yan ènìyàn méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 7, kí ẹni tí ó kẹ́yìn má ṣe mú ọ̀rọ̀ tuntun wá, kí àwa yòókù sì gbọ́ wọn tán. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí òjò ọdún tí ń bọ̀ bá wa lórí ìjókòó kan náà.