Àyà Tó Ń Já: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹ̀yin Ọlọ́jà Sọ Ní Owódé Onírin

A mọ̀ pé ẹlòmíràn fi ọmọ sídìí ọjà kó tó wá síbí, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkàn tí kò balẹ̀ yẹn gan-an la fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀kan nínú wa wà tó ti lé ní 20 ọdún tó ti ń ta ìṣó àti wáyà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń já irin sílẹ̀ láti orí tírélà, irin kan bọ́ lulẹ̀, gbàgà! Irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ni kì í gbọ́ ọ nínú ọjà wa? Òun náà la fi ń jẹ Owódé Onírin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn àyà obìnrin yìí já, kò sì padà sípò. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, èémí kò tó o mọ́, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, òòyì ń kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ bá mi pe àwọn ọmọ mi, mo ń kú lọ." Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹni tó ń pe Jésù ń pè é, ẹni tó ń pe Ọlọ́hun ń pè é, ẹnìkan da odidi omi inú kẹ́tùrù lé e lórí. Kí a tó gbé e dé ọsibítù, ó ti ń rọlẹ̀. Wọ́n yẹ BP rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Ẹni tó fẹ́ kú níṣojú wa?

Ní ọjọ́ kẹta ó tún ṣe é nínú dáńfó ní Kétu. Lẹ́yìn náà ó ṣe é lójú oorun. Ó wá di pé kò lè wọ dáńfó mọ́. Nígbà tó yá, kò lè wọ ọjà mọ́. Oṣù méjì ni ó fi ti sọ́ọ̀bù pa. Ẹ sì mọ̀ pé owó gbọ́mú-lé-láńtà kì í dúró de ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn tó ń gba owó náà ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn kan ní ìmẹ́lẹ́ ni, pé kò fẹ́ san gbèsè. Ká má purọ́, àwa náà wà lára àwọn tó sọ ọ́.

Ohun tó ṣe é lórúkọ. Ìjáyà òjijì ni. Àwọn dókítà ń pè é ní panic attack, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn nítorí ọjọ́ tí ẹ bá dé iwájú dókítà. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ọlọ́run dá ọlọ́dẹ sínú ara wa. Tí ewu bá dé, ọlọ́dẹ yìí á fun fèrè, oje kan tó ń jẹ́ adrenaline á tú jáde láti inú ẹ̀yà kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín, ọkàn á sáré, èémí á yára, ẹsẹ̀ á múra àtisá. Ohun tó dára ni, òun ló ń mú wa fò sẹ́yìn nígbà tí ọ̀kadà bá já wọ àárín ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọlọ́dẹ ọjà tí olè ti wọlé tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ológbò bá kọjá, á fun fèrè. Bí afẹ́fẹ́ bá mi páànù, á fun fèrè. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló pọ̀ jù.

Kí sì ni ojú wa kò tíì rí? Àwọn àgbà inú wa rántí Sunday, ọjọ́ 27 oṣù January ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù bú ní bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fọ́, àwọn èèyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ó lé ní 1,000 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé tó kó sínú omi kànáàlì ní Òkè-Afà, ní Ìsọlọ̀. Kì í ṣe bọ́ǹbù ló pa àwọn yẹn o, ìjáyà ló lé wọn wọ omi. Ní ọdún 2010, odò Ògùn kún, wọ́n tún ṣí omi Ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, omi wọ ilé àwọn èèyàn wa ní Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè wa níbí, ọ̀pọ̀ sì di aláìnílé. Ní oṣù March ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, ẹ̀mí lọ, dúkìá lọ, ìjọba sì ti ọjà pa. Ọdún 2020 ní tirẹ̀, ọjà tì nítorí Kòrónà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ní oṣù August ọdún 2025, ìbọn dún nínú ọjà Owódé Onírin tiwa yìí lórí ọ̀ràn ilẹ̀, àwọn ọlọ́jà kan sì kú. A kò ní túdìí ìyẹn lónìí. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò nílò kí a rán òun létí. Ẹ wá fi gbèsè, owó ilé ìwé, owó sọ́ọ̀bù àti ọkọ tí kò ríṣẹ́ lé e. Bí irin kan bá bọ́ lulẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí tí àyà ẹnìkan sì já, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu?

Nígbà tó bá dé, kí la ó ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ̀ pé yóò kọjá. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 lọ tó fi máa le dé góńgó, lẹ́yìn náà ni á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í pani. Ẹ jókòó. Ẹ tú gèlè tó bá fún yín lọ́rùn. Ẹ rọra fi imú fa èémí sínú, ẹ ka 1 dé 4 nínú ọkàn yín, kí ikùn yín gbé sókè. Ẹ wá fi ẹnu tú u jáde bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ ka 1 dé 6. Ìtújáde gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ìfàsínú lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣe é fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Èèrà tó ń rìn lọ́wọ́ yẹn, mímí àmíjù ló sábà ń fà á; bí èémí bá ti rọ̀, òun náà á lọ. Tí ọkàn bá ṣì ń sá kiri, ẹ wo nǹkan 5 tó wà níwájú yín, kí ẹ dárúkọ wọn: páànù, wáyà, àga, kọ́kọ́rọ́, bàtà ìyá yìí. Ẹ fọwọ́ kan irin tútù. Kí ni etí yín ń gbọ́? Òórùn àkàrà ta ni ẹ ń gbọ́? Ó dà bí eré ọmọdé, àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́ wa, ṣùgbọ́n ó ń mú ọkàn padà wá sí ibi tí ara wà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ má pé lé e lórí kí ẹ máa lọgun. Kí ẹnìkan ṣoṣo jókòó tì í, kó rọra máa bá a sọ̀rọ̀, kó máa bá a fẹ́ ẹ̀kọ náà. Àdúrà dára, ẹ gbà á jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Gbogbo àyà tó ń já kọ́ ni ìjáyà. Ẹni tó bá ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́, kó lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ BP, ṣúgà àti ọkàn rẹ̀ wò. Bí àyà bá ń dunni tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, bí ẹ̀gbẹ́ kan ara bá kú, bí ẹnu bá wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ kò já gaara, ẹ má fẹ́ ẹ̀kọ kankan o, ẹ pe mọ́tò.

Àwa obìnrin ọjà tún ní àwọn nǹkan kan tí à ń ṣe tó ń dá kún un. Obì tí à ń jẹ láti fi lé oorun lọ, ohun tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú rẹ̀, ó ń mú ọkàn sáré. Paraga á mú ọkàn fúyẹ́ lálẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti lọ lára, àyà á tún máa já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni Valium àti Lexotan tí à ń lọ rà ní kẹ́míìsì láìgba ìwé dókítà. Wọ́n á múni sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ́ni lára tán, ẹni tó bá ṣíwọ́ wọn lójijì lè ṣàìsàn gan-an. Ẹni tó bá ti ń lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, kó má kàn jù wọ́n nù, kó lọ bá dókítà kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìbẹ̀rù lílọ sí Yaba ni ìṣòro tó kù. A mọ̀ ohun tí ẹnu ayé ń sọ nípa Yábà Lẹ́fúùtù. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ náà ti wà láti ọdún 1907, àti ẹni tí kò sùn dáadáa àti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ló ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀, tí wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ Abẹ́òkúta tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro ní ọdún 1954, tó fi àwọn aláìsàn sí abúlé láàárín àwọn ará ìlú, tí ìbátan wọn ń bá wọn gbé, tí wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí a yọ èèyàn kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ kí a tó wò ó sàn. Òfin pàápàá ti yí padà: láti ọdún 1958 ni òfin àtijọ́ ti wà tó ń pe irú àìsàn báyìí ní wèrè, ṣùgbọ́n ní oṣù January ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń ta ìṣó lọ nígbà tó yá. Àbúrò rẹ̀ ló fi tipátipá mú un lọ. Wọ́n jókòó bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un lóògùn kan tí wọ́n ní kó má retí pé yóò ṣiṣẹ́ kó tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó ṣe é láǹfààní jù, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, ni pé wọ́n ní kó má sá fún ọjà mọ́, kó máa padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, bọ́sítọ́ọ̀pù ló dé. Ó jókòó síbẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀, ó padà sílé. Tó bá sá nígbà tó ṣì ń já, wọ́n ní ńṣe ni ọlọ́dẹ inú ara á gbà pé olè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dé ojú sọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú wa dúró tì í fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ó ń jókòó títí di ọ̀sán. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń ṣí. Àyà rẹ̀ ṣì máa ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí irin bá bọ́. Á jókòó, á fẹ́ ẹ̀kọ rẹ̀, á dìde, á sọ iye tí ìṣó jẹ́, ẹ sì mọ̀ ọ́n, kò dín kọ́bọ̀.

Ohun tí àwa náà ti pinnu rèé. Àga kan yóò máa wà nínú sọ́ọ̀bù ìyálọ́jà, lẹ́yìn aṣọ títa, fún ẹnikẹ́ni tí àyà rẹ̀ bá já. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo BP yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A ti bẹ àwọn alájọ wa pé bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn irú èyí, kí wọ́n fi sùúrù bá a lórí owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Yaba tàbí sí LASUTH ní Ìkẹjà tí kò sì fẹ́ dá lọ, kó sọ fún ọ̀kan nínú wa ní bòókẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìpàdé yìí. Aago méje àárọ̀ Tuesday la máa gbéra. Ìdí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà la ó ti pàdé, a ò ní bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń wá.