Kí Tẹbí-Tọmọ Tó Jọ Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Adó-Èkìtì

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìdílé ṣe lè jọ rìnrìn àjò lórí òkun, ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwa ará orí òkè, kí ló kàn wá kan òkun?” Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, àwọn mìíràn sì ti kọjá a. Àwọn ọmọ wa wà ní London, ní Houston, ní Toronto. Àwọn ni wọ́n ń kọ̀wé sórí WhatsApp pé, “Dádì, ẹ má wulẹ̀ se ìnáwó ńlá lọ́jọ́ ìbí yín. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa wọ ọkọ̀ òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì.” Ó kéré tán, ẹni mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn yìí ló ti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn mí. Wọn kò mọ èsì tí wọn yóò fún àwọn ọmọ.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé Yorùbá kò mọ ọkọ̀ òkun rí. Kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbòde, Apápá ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ń wọkọ̀ lọ sí ìlú ọba. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ní ọkọ̀ mẹ́ta tí ń ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó: Accra, Apapa àti Aureol. Ọdún 1951 ni Aureol bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìrìn náà ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a sì yà ní àwọn èbúté bíi Takoradi, Freetown àti Las Palmas. Akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, oníṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn ló gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi máa di 1974, Aureol náà ti ṣíwọ́, nítorí ọkọ̀ òfúrufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Lójú àwọn ẹ̀gbọ́n wa, ọkọ̀ òkun jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà dé ibi iṣẹ́ tàbí ibi ẹ̀kọ́. Lóde òní, ọkọ̀ náà gan-an ni ibi tí a ń lọ. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń rìn lórí omi ni: ẹ sùn sí èbúté kan, ẹ jí sí èkejì, ẹ kò sì tú ẹrù yín.

Kí ló dé tí mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí kún? Àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Láàárín ọdún mẹ́wàá tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a ti sin nínú ara wa. Àwọn kan nínú wa ní ọmọ-ọmọ tí wọn kò tíì bá sùn abẹ́ òrùlé kan náà rí. Ojú fóònù nìkan ni wọ́n ti mọ ara wọn. Bí àwọn ọmọ bá wá sílé, ọjọ́ méjì ni wọ́n ń lò ní Adó kí wọ́n tó sáré padà sí Èkó. Nítorí náà, bí ìdílé bá lè rí ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá tí kò sẹ́ni tí yóò wí pé òun ń lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe afẹ́ lásán. Àmọ́ owó ńlá ni, ó sì lè da ìdílé rú bí a kò bá tètè tò ó. Ohun tí mo fẹ́ kí a jíròrò nìyẹn.

Èkíní ni ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kọsẹ̀. Ọmọ tó ti di ọmọ ìlú Bìrìtìkó kò rántí mọ́ pé ìwé ìrìnnà bàbá òun yàtọ̀ sí tòun. Yóò san owó ọkọ̀ fún ẹni mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá bèèrè pé, “Dádì, ẹ ní físà, àbí?” Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ gbéra ní Barcelona, ó yà ní Málaga, ó sọdá sí Tangier ní Morocco, ó tún padà sí Spain. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen. Físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò tó o, nítorí pé bó ti kúrò ní Spain lọ sí Morocco, ó ti lo ẹ̀ẹ̀kan náà tán. Físà tó gba ìwọlé lẹ́ẹ̀mélòó kan ni kó bèèrè. Morocco náà ní físà tirẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ kò ní sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò ṣì bèèrè físà náà kí ẹ tó wọlé. Bó bá jẹ́ Southampton ni ọkọ̀ ti gbéra, físà ìlú ọba náà tún wọ̀ ọ́.

A lè bẹ̀rẹ̀ físà Schengen ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Ti ìlú ọba, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni. Owó Schengen jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í sì dá a padà bí wọn kò bá fún yín ní físà. Wọ́n tún ń bèèrè ìnṣọ́ránsì tó lè san 30,000 yúrò fún ìtọ́jú àìsàn. Èkó tàbí Àbújá ni a ti ń tẹ̀ka. Ẹ ka ìyẹn náà mọ́ ìnáwó. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà yín yóò parí: bí kò bá ní oṣù mẹ́fà lára lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó padà, ẹ ṣe òmíràn. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, nítorí àwọn erékùṣù kan ní Caribbean ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán ṣáájú ìrìnàjò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni. Bí ọmọdé bá ń bá bàbá nìkan tàbí ìyá nìkan lọ, kí òbí kejì kọ ìwé àṣẹ.

Ìmọ̀ràn mi lórí èyí ni pé ẹni tí ìwé rẹ̀ le jù ni kí ìdílé fi ṣe òdiwọ̀n. Kí a kọ́kọ́ wo ibi tí Màmá lè rí físà lọ, lẹ́yìn náà kí a yan ọkọ̀. Kí a má yan ọkọ̀ tán, ká wá fi Màmá sílẹ̀ sílé.

Èkejì ni owó. Iye tí ẹ rí nínú ìpolówó kì í ṣe iye tí ẹ ó san. Yàrá, oúnjẹ àti eré wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń ka owó ìdúpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé pẹ̀lú. Ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì, dókítà inú ọkọ̀, ìrìn àjò ní èbúté, ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Bí fóònù bá gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọkọ̀ lójú òkun, owó rẹ̀ lè ya yín lẹ́nu. Ẹ pa á, tàbí kí ẹ yí i sí ti inú ọkọ̀ òfúrufú. Káàdì kan ni ẹ ó máa fi ra nǹkan, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ sórí bíìlì tí ẹ ó rí lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ rántí náírà wa. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 470 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Ní 2024 ó kọjá 1,500. Ẹni tó san àsansílẹ̀ kékeré lónìí, tó ní òun yóò fi náírà san ìyókù lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kò mọ iye tó jẹ. Nítorí náà, kí àwọn tó ń gba owó òkèèrè san ti ọkọ̀, kí àwa tó wà nílé gbé ìwé àti ọ̀nà Èkó. Kí a sọ ọ́ lẹ́nu kedere, kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò san kí ni. Ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí owó kì í tán lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Mo sì bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má yá owó àjẹsẹ́kù lọ ṣeré lórí òkun. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ àti irú ọkọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Fún ìdílé tí kò wọ̀ ọ́ rí, tí ó sì ní arúgbó àti ọmọ jòjòló nínú, ọjọ́ méje ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá wá di dandan kó gùn, ẹ wo iye ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò lò lójú òkun láìdúró. Queen Mary 2, láti Southampton dé New York, òru méje gbáko ni kò ní yà síbì kan. Ẹni tó bá fẹ́ ìsinmi yóò gbádùn ìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè má gbádùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gba ọmọ tí kò pé oṣù mẹ́fà, tàbí ọdún kan bí ìrìn bá gùn. Wọn kì í sì gba aláboyún tó ti wọ oṣù kẹfà dáadáa. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, tó sì wà nísàlẹ̀, ni ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi àwọn àgbà sí, nítòsí ẹ̀rọ agbénigòkè. Láti Southampton lọ sí Spain, omi Biscay ni ẹ ó là kọjá, ó sì máa ń ru nígbà òtútù. Èébì àti òòyì lè mú ẹnikẹ́ni. Ẹ bèèrè oògùn lọ́wọ́ dókítà yín nílé, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà. Kí oògùn yín wà nínú báàgì ọwọ́, kó ju iye ọjọ́ ìrìn lọ. Ẹ máa fọwọ́ dáadáa kí ẹ tó jẹun, nítorí àrùn inú ń tètè ràn níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń jọ jẹun.

Lórí oúnjẹ, ẹ má retí iyán. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọ Èkìtì. Ẹ má sì di ẹran gbígbẹ sínú àpótí, nítorí ẹ kò lè kó ẹran wọ àwọn ìlú Yúróòpù. Ẹni tó ní oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ jẹ, kó sọ fún wọn ní oṣù méjì ṣáájú.

Ẹ̀kẹrin ni òfin inú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì. Èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n ló kú. Àwọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà kò tíì rí ìfidánrawò ààbò kankan. Láti 2015, òfin àgbáyé ni pé kí a ṣe é kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí bó bá ti ń gbéra. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ, ẹ kó àwọn ọmọ dání, ẹ wo ibi tí ẹ̀wù ìléfòó yín wà. Bí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, ẹ padà wá ṣáájú àkókò. Aago tiwa tí a fi ń lọ síbi ìgbéyàwó kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ yóò lọ, yóò fi yín sílẹ̀, ẹ ó sì fi owó ara yín lé e bá.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, ni ìgbé ayé pọ̀. Ìyá àgbà kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Bí àwọn ọmọ bá san owó fún ìyá wọn, tí wọ́n wá ń kó ọmọ mẹ́rin tì í lálaalẹ́ kí wọ́n lè lọ jó, iṣẹ́ ni wọ́n gbà á sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń bójú tó àwọn ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta. Ẹ lò ó. Àwa àgbà náà, ẹ má jẹ́ ká sọ pé gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé wa. Oúnjẹ alẹ́ kan lóòjọ́ tí gbogbo ìdílé jọ jẹ, ìyẹn tó. Kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè bá ara yín gbé, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ìdílé lọ sí Ìkògòsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tí oníkálukú wọn kò sì sọ ìwà rẹ̀ nù, ó dára láti kọ́ ìbágbé níbẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe ní Ìkògòsì kò ní ṣeé ṣe lójú òkun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ti délé lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé ìrìnnà yín jáde, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ, ẹ béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lọ, ẹ sọ ohun tí agbára yín ká. Ẹ fi ọdún kan gbáko múra. Bí ọmọ bá sì ní òun kò lówó, ẹ má bínú sí i. Ẹ ní kó kó àwọn ọmọ wá sílé ní Adó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká gúnyán fún wọn. Kí a ṣáà rí ara wa nígbà tí ojú ṣì ń ríran, tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé wa.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a fojú rí ogún ọdún ẹgbẹ́ yìí láìdín ẹnì kan. Bí a bá lọ, a ó bọ̀. Àwọn tí a fi sílẹ̀, a ó bá wọn láyọ̀.