Ọrọ̀ Ẹnì Kan àti Àpò Ìlú: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Kukuo, Tamale



Obì gbànja ti so ìdílé Aliko Dangote, oníṣòwò ńlá ọmọ Nàìjíríà, mọ́ ilẹ̀ Gánà kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀ ní Kánò ní 1957. Alhassan Dantata, bàbá ńlá rẹ̀ láti ìdí ìyá, ṣòwò dé Accra nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast. Ó ń kó obì gba orí omi lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé e dé Kánò. Nígbà tó kú ní 1955, òun ni wọ́n kà sí ẹni tó lówó jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Òwò ló gbé àwọn ará Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ dé ọjà Tamale pẹ̀lú, títí ìjọba Busia ní Gánà fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ olówó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjọba.

Iye tí ìwé ìròyìn Forbes ka ọrọ̀ Dangote sí ní 2024 jẹ́ bílíọ̀nù 13.9 dọ́là. Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹwàá, Gánà parí àdéhùn tuntun lórí gbèsè bọ́ǹdì ilẹ̀ òkèèrè tí kò rí san láti ìparí 2022. Gbogbo gbèsè náà tó bílíọ̀nù 13 dọ́là. Ọrọ̀ ẹnì kan ju gbèsè bọ́ǹdì orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30 lọ! Bílíọ̀nù mẹ́ta péré ni àjọ IMF fọwọ́ sí fún Gánà ní oṣù karùn-ún 2023, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń pín in san.

Ibi tí àwọn tó ń ṣe irú ìṣirò yìí ti máa ń dúró nìyẹn, tí wọ́n á ní kí olówó wá san gbèsè ìlú. Ìṣirò náà ò tíì parí. Ní 2025, Forbes gbé iye náà sókè sí bílíọ̀nù 23.9. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ka bílíọ̀nù mẹ́wàá lé Dangote lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ìfọpo rẹ̀ ní Lẹ́kkí, tó lè fọ àgbá epo 650,000 lóòjọ́, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mọ́ ohun ìní rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì, epo àti ìpín nínú ilé iṣẹ́ ni ọrọ̀ náà. Bí ó bá ní kí òun tà á lẹ́ẹ̀kan náà, iye rẹ̀ á já wálẹ̀ lójú ọjà.

Ká tiẹ̀ ní ó ṣeé tà. Bọ́jẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà fún 2025 jẹ́ tírílíọ̀nù 54.99 náírà. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 37 dọ́là, gbèsè nìkan sì gba tírílíọ̀nù 14.32 náírà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí Dangote ní kò ní bọ́ ìjọba àpapọ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì á tún retí owó oṣù, kò sì ní sí ilé iṣẹ́ ìfọpo mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun tó ń wọ àpò ìlú lọ́dọọdún ló yẹ ká máa béèrè. Ní oṣù karùn-ún 2022, Gánà gbé owó orí e-levy kalẹ̀: ẹni tó bá fi owó tó ju ọgọ́rùn-ún sídì lọ ránṣẹ́ lórí fóònù (MoMo) lóòjọ́ á san ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àlékún rẹ̀. Ọdún 2025 ni wọ́n tó fagi lé e. Ìyá tó ń fi owó iṣu ránṣẹ́ san án. Ní Nàìjíríà àti Gánà, kò sí owó orí ọdọọdún kankan lórí àpapọ̀ ọrọ̀ olówó bílíọ̀nù.

Gabriel Zucman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá a lábàá fún ẹgbẹ́ G20 ní 2024 pé kí irú àwọn olówó bẹ́ẹ̀ máa san ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ wọn lọ́dún. Lórí bílíọ̀nù 23.9, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 478 dọ́là. Nàìjíríà ni ìyẹn yóò bọ́ sí lọ́wọ́, kì í ṣe Gánà; ṣùgbọ́n ẹ fi wé mílíọ̀nù 600 tí IMF kọ́kọ́ san fún Gánà, tí gbogbo ìlú fi ń yọ̀. Ti IMF jẹ́ ẹ̀yáwó.

Dangote ya bílíọ̀nù 1.25 dọ́là sọ́tọ̀ fún àjọ àánú rẹ̀ ní 2014, iṣẹ́ rere sì ni. Síbẹ̀, òun ló ń pinnu ibi tí owó náà ń lọ. Kò sí aṣòfin tó lè bi í ní ìbéèrè lé e lórí.

Àwọn olórí G20 tó pàdé ní Rio de Janeiro ní oṣù kọkànlá 2024 gbà pé kí àwọn fọwọ́sowọ́pọ̀ lórí owó orí àwọn olówó ńlá. Wọn kò fẹnu kò sórí iye kankan. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti di ọmọ ẹgbẹ́ náà láti 2023, nítorí náà aṣojú wa wà níjókòó níbẹ̀. Kí àwọn aṣòfin Tamale àti ti Ọ̀yọ́ béèrè ohun tó sọ lórúkọ wa.